Ìbọn Kan Ṣoṣo Ló Ń Wọ Igbó

Ìbọn kúkúrú kò ní sùúrù. Ohun tí bàbá wa máa ń sọ nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìbọn wá sí ṣọ́ọ̀bù wọn, yálà onítọ̀hún bi wọ́n tàbí kò bi wọ́n. Táta là ń pè wọ́n, bí gbogbo ọmọ ìdílé Czech tó wà létí odò Navidad ṣe ń pe bàbá wọn. Ladis ni orúkọ wọn gan-an. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ariwo ìbọn ti di etí wọn ọ̀tún, wọn ò sì lójú àánú fún ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi. Bí ìbọn bá dún, gáàsì tó ń ti ọta jáde á gba ihò kékeré kan padà, á ti irin inú ìbọn sẹ́yìn kó lè lọ gbé ọta mìíràn wá. Ìbọn tí ẹnu rẹ̀ gùn ń fún gáàsì yẹn láyè. Kúkúrú kò fún un láyè rárá, kí o tó ṣẹ́jú ọta ti jáde, gáàsì ti fẹ́ lọ. Bí gáàsì bá pọ̀ jù, ìbọn á máa tàpá bí ẹṣin tí eṣinṣin jẹ, á sì máa pa ara rẹ̀ jẹ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá kéré jù, irin inú kò ní fà dé ibi tí ọta wà. O fa ìbọn lẹ́ẹ̀kejì, ó dún "kọ́", ó parí.

Ìdí nìyẹn tí sukúrù kan fi wà lórí ihò gáàsì náà. Bí èèyàn bá ki ṣípánà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ tó yí i, á máa dún kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ní ìdí ìbọn lọ́hùn-ún, irin kan tó wúwo jókòó níwájú sipíríǹgì, òun ló ń gba ìpá tí irin inú bá ta sẹ́yìn. Èèyàn lè yọ ọ́ kó fi èyí tó wúwo jù ú lọ rọ́pò rẹ̀ kí ìbọn lè rọ̀. Iṣẹ́ Táta ni láti mú kí sukúrù àti irin ìdí gbọ́ra wọn yé. Wọ́n á pa sukúrù dé, wọ́n á fi ọta kan péré sínú àpò ọta, wọ́n á yìn ín sínú òkìtì yẹ̀pẹ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Bí irin inú bá fà sẹ́yìn pátápátá tó sì dúró síbẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ ìbọn ṣí sílẹ̀ gbayawu, Táta á ní, "Ó ti yanu." Bí kò bá yanu, wọ́n á ṣí i ní kẹ́ kan, wọ́n á tún yìn ín.

Ibi tó bá ti kọ́kọ́ yanu yẹn làwọn tó kọ́ṣẹ́ lórí fóònù máa ń dúró sí. Táta kì í dúró síbẹ̀. Wọ́n á fi kẹ́ méjì kún un, wọ́n á sì máa kà á jáde bí ẹni ń gbàdúrà oúnjẹ: "Ìkan fún ìdọ̀tí. Ìkan fún òtútù." Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè máa sọ ọ́ lójú oorun.

Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ló sọ iṣẹ́ yẹn di iṣẹ́ gidi lágbègbè wa. Àwọn àgbà ní ìmàdò ìbá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, a bàlú jẹ́. Tiwa kò ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀ o, ẹlẹ́dẹ̀ ilé ni ìran wọn, wọ́n sá wọ igbó, wọ́n di ìmàdò, wọ́n sì ba ìlú jẹ́ lóòótọ́. Wọn á fi imú túlẹ̀ oko àgbàdo látòkèdélẹ̀ láàárín ìgbà tí ẹ sùn sí ìgbà tí ẹ jí. Inú eèsún etí odò ni wọ́n ń sá sí, ibi tó ṣe pé bí o bá na apá, o ò ní rí ọwọ́ ara rẹ. Ìbọn gígùn kò ṣeé yí nínú ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń lo kúkúrú. Ajá là ń tú sí wọn. Àṣà wa sì ni pé ìbọn kan ṣoṣo ló ń wọ igbó tẹ̀lé ajá, nítorí bí ìbọn bá pé méjì nínú eèsún, èèyàn ni wọ́n máa yìn. Ẹni tó ni ajá ló ń gbé ìbọn náà. Àwọn yòókù, ọ̀bẹ ló wà lọ́wọ́ wọn. Gbogbo wa tó bá ti wọlé, orí ìbọn kan yẹn la gbé ẹ̀mí wa lé.

Àbúrò mi Delmar ló ni ajá.

Mo fẹ́ràn Delmar. Mo ń sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ kí ẹ má baà rò pé ìkórìíra ló ń sọ̀rọ̀. Ó rẹwà, ó lawọ́, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn méjì bá pàtẹ́wọ́ fún un, á fẹ́ kí ẹnì kẹta wá pàtẹ́wọ́ kún un. Lọ́dọọdún, nígbà tí oòrùn Oṣù Kẹjọ bá ń sun ewéko, àwọn panápaná ìlú wa á yan àyà màlúù, wọ́n á sì dá ìdíje sílẹ̀. Wọ́n á gbé àwo pépà kọ́ iwájú, ẹni tó bá yára yin ọta márùn-ún jù, tí ojú ihò rẹ̀ sì sún mọ́ra jù, ló ni itan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín yan. Ìbọn tó bá ń tàpá kò lè jẹ ẹ́. Nítorí náà Delmar fi irin ìdí tó wúwo jù lọ sínú ìbọn rẹ̀, ó sì pa sukúrù gáàsì dé ku ibi tó ti ń yanu tipátipá. Kò fi kẹ́ kankan kún un. Ìbọn náà rọ̀ débi pé ọmọ ìkókó lè yìn ín.

Ọdún kẹta tó gba itan ẹlẹ́dẹ̀, Erwin tó ni oko tó pààlà pẹ̀lú odò pariwo látibi tó ti ń mu bíà: "Delmar, ṣé ìbọn nìyẹn ni, àbí ẹ̀rọ ìránṣọ?"

"Ẹ̀rọ ìránṣọ ni! Bọ́ ṣòkòtò ẹ wá kí n bá ẹ rán ìdí ẹ̀ tó ya!"

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kó dúró níbẹ̀, kò dúró. Ó gbé itan ẹlẹ́dẹ̀ lé èjìká, ó yíjú sí Táta tó jókòó lábẹ́ igi.

"Táta, kẹ́ méjì yín dà, sà? Ọdún mẹ́ta rèé, ìbọn yìí ò há rí. Ó mọ oòrùn, ó mọ ẹrẹ̀, ó mọ yìnyín. Ṣé kí n máa fi tàpá mọ́ èjìká mi nítorí òfin àwọn arúgbó ni?"

Táta ń jẹ búrẹ́dì wọn lọ. Wọ́n gbé e mì, wọ́n ní, "Àwo pépà ò léyín, ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín, ojú Delmar sì pọ́n díẹ̀. Èmi ló yẹ kí n rẹ́rìn-ín jù, nítorí mo mọ ohun tí kò mọ̀. Nílé wa, Táta ló ń fọ gbogbo ìbọn lẹ́yìn ọdẹ, wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Bí a bá fẹ́ lọ sígbó láàárọ̀, Táta á ti tètè wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ki ṣípánà bọ ìbọn Delmar, wọ́n á ṣí kẹ́ méjì. Bí a bá dé, tí wọ́n bá fọ ọ́ tán, wọ́n á dá a padà síbi tí Delmar fi sí. Mo ká wọn mọ́ ọn nígbà kan. Wọ́n fi ìka lé ètè, wọ́n ṣẹ́jú sí mi bí ọmọ tó jí ṣúgà. Ìbọn tí kò há rí náà, àgbà ló ń bá a ṣe é kó má baà há. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ọmọ náà ì báà sì ti pé ogójì ọdún.

Oṣù Kìíní ni atẹ́gùn àríwá ya lù wá. Lọ́jọ́ kejì, yìnyín ti bo gbogbo okùn wáyà, ẹ̀ka igi ń dá, Erwin sì fóònù wa kí a tó mu kọfí tán. Ìmàdò ti já ọgbà ewúrẹ́ rẹ̀ wọlé, àwọn ewúrẹ́ tó ń bímọ lọ́wọ́ ni wọ́n sì bá. Mo rí i nígbà tí a débẹ̀. Wọ́n jẹ àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń jáde. Ìyá kan ṣì dúró lórí ẹsẹ̀, gbogbo ìdí rẹ̀ ti lọ, ó ń wò mí. Erwin ti ń sunkún, mo sì gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi parí ìyà ewúrẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n kí a tó kúrò nílé, ohun mìíràn ti ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn ìpè Erwin, Delmar sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti gbé ìbọn, ó yá ju bí Táta ṣe rò lọ. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilé ìdáná, mo ju aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo débẹ̀, Táta tẹ̀ lórí tábìlì, ṣípánà wà nínú ìbọn Delmar, Delmar sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lẹ ń ṣe síbọn mi?"

"Mo ń bá ẹ wò ó."

"Ẹ ń bá mi wò ó. Ọjọ́ wo lẹ ti ń bá mi wò ó?"

Táta kò mọ irọ́ pa. Èyí jẹ́ àìsàn lára wọn. "Láti ìgbà tó o ti rà á," ni wọ́n dáhùn.

Mo rí Delmar bó ṣe ń ka gbogbo ìdíje, gbogbo ọdẹ, gbogbo ìgbà tó ti yọ ẹnu sọ pé ìbọn òun kò há rí níwájú ìlú. Mo rí i bí ìtìjú ṣe gun orí rẹ̀ bí ibà.

"Ẹ sọ mí di òmùgọ̀," ó ní.

"Mo sọ ẹ́ di alààyè," ni Táta wí. "Mú un, kí á máa lọ. Ewúrẹ́ Erwin ń tán."

"Ìbọn mi ni! Èmi ni mo rà á! Ẹ ò lè jẹ́ kí n ní nǹkan kan láyé yìí tí ò ní jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ yín?"

Ó já ìbọn náà gbà. Táta di ṣípánà mú, Delmar tì wọ́n. Mi ò ní sọ pé ó fẹ́ bì wọ́n ṣubú, ṣùgbọ́n ó tì wọ́n, ìgbáròkó wọn sì lu irin tí wọ́n fi ń di nǹkan mú létí tábìlì. Wọ́n kérora. Mo ti dé ọ̀dọ̀ Delmar kí ìró yẹn tó tán, mo sì gbá a létí débi pé ètè rẹ̀ bẹ́.

"Bàbá ẹ lo tì yẹn! Ṣé orí ẹ pé?"

"Lọ bi wọ́n bóyá orí tèmi pé, Leota, ṣebí wọ́n ti mọ gbogbo nǹkan!" Ó tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ó mú ṣípánà tó bọ́ lọ́wọ́ Táta, ó gbé ìbọn lé orúnkún rẹ̀, ó kì í bọ̀ ọ́ níwájú wa, ó pa sukúrù padà. Kẹ́. Kẹ́. Ó fi ṣípánà sínú àpò àyà rẹ̀, ó sì fa sípì rẹ̀ dé. "Lónìí, ẹ máa rí i. Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Nígbà tó jáde lọ di ajá mọ́ inú ọkọ̀, mo ní, "Táta, ẹ jẹ́ ká gbé ìbọn yín lọ. Òtútù yìí, ẹ mọ̀ pé tiẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́."

Táta ń fọwọ́ ra ìgbáròkó wọn. "Ajá ẹ̀ ni. Bí mo bá gba ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀ níwájú Erwin, kò ní dárí jì mí títí mo fi máa kú."

"Ẹ jẹ́ kó máà dárí jì yín, ẹ jẹ́ kí ó wà láàyè."

Táta mú bàtà igbó wọn láti abẹ́ tábìlì, wọ́n jókòó, wọ́n sì ń wọ̀ ọ́. Láti ìgbà tí orúnkún wọn ti bàjẹ́, wọn ò bá wa wọ eèsún mọ́. Mo dúró tì wọ́n, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà, ẹ̀rù sì bà mí gan-an. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń lọ.

Yìnyín ti bo gbogbo eèsún tó wà létí odò. Gbogbo ibi tí a bá fara kàn ló ń fọ́ bí gíláàsì, kò sí bí èèyàn ṣe lè yọ́ rìn. Erwin dúró sídìí ọkọ̀. Delmar ṣáájú pẹ̀lú ìbọn, èmi wà lápá ọ̀tún rẹ̀, Táta lápá òsì, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan tiro. Lulka, abo ajá tó ń fi imú wá wọn, ti sáré lọ jìnnà. Hutch, akọ tó ń di ìmàdò mú, ṣì wà nínú okùn lọ́wọ́ mi, ó ń fà mí lọ síwájú.

Lulka gbó. Ó gbó lẹ́ẹ̀kan sí i, lójú kan náà, tí ó fi yé wa pé ó ti rí ohun tí kò fẹ́ sá. Mo tú Hutch sílẹ̀.

Nígbà tí a já síbi tí wọ́n wà, Hutch ti di ìmàdò náà ní etí mú. Akọ ni, ó dúdú, ó ga dé ìbàdí mi, ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ ti di yìnyín mọ́ irun ẹnu rẹ̀. Mo ti rí ìmàdò láyé mi, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ó gbọn orí lẹ́ẹ̀kan, Hutch fò sókè. Ó fi eyín gbé e lábẹ́ ikùn, níbi tí aṣọ awọ tí a wọ̀ fún un kò dé, ó ya á láti ìdí dé àyà. Ìfun Hutch tú sórí yìnyín, ó ń yọ èéfín. Ajá náà ṣì fẹ́ dìde. Ó ń tẹ ìfun ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń wá etí ìmàdò náà láti dì mú. Igbe bọ́ lẹ́nu mi.

Delmar yin ìbọn. Ó bà á ní èjìká, níbi tí awọ akọ ìmàdò ti nípọn bí táyà. Ìmàdò náà kúnlẹ̀, ó tún dìde, ó yíjú sí Delmar.

Delmar fa ìbọn lẹ́ẹ̀kejì. Kọ́.

Mo gbọ́ ọ, Táta náà gbọ́ ọ pẹ̀lú etí kan tó kù fún wọn. Delmar wo ẹ̀gbẹ́ ìbọn. Irin inú kò fà tán, ó ti fi eyín di ìkarahun ọta tó ti yìn tẹ́lẹ̀ mú, ìdajì rẹ̀ yọ síta bí egungun tó há sí ọ̀fun. Ó ń fi ọwọ́ tó ti kú fún òtútù fà á. Kò jáde. Ìmàdò náà ti ń bọ̀.

"Hẹ́ẹ̀! Hẹ́ẹ̀! Èmi rèé! Wá, ọmọ àlè!"

Táta ni. Wọ́n ti ṣí fìlà wọn, wọ́n ń fi lu itan ara wọn, wọ́n ń fò lórí orúnkún tí kò dára, wọ́n ń pariwo bí ọmùtí. Ìmàdò náà yà. Ó yà kúrò lára Delmar bí ọkọ̀ tí kò ní búréèkì, ó sì wọ Táta láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ó gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan, Táta kúrò nílẹ̀. Ó tún gbé e nígbà tí wọ́n já lulẹ̀. Mo gbọ́ bí ṣòkòtò wọn ṣe ya, mo sì gbọ́ ohun tó ya lẹ́yìn ṣòkòtò. Nígbà yẹn mo ti dé ìdí rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Mo fi ọwọ́ òsì mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbé e sókè, mo fi ọ̀bẹ wọlé lẹ́yìn apá rẹ̀ títí èkù fi kan irun. Ó ké bí obìnrin. Ó yí po, ó fi ẹ̀gbẹ́ gbá mi sínú eèsún, ó sì sá wọ igbó pẹ̀lú ọ̀bẹ mi lára rẹ̀.

Mo rákò dé ọ̀dọ̀ Táta. Itan wọn ọ̀tún ṣí sílẹ̀ láti orúnkún dé abẹ́ ikùn, ẹ̀jẹ̀ pupa tó mọ́lẹ̀ ń tú jáde, ó ń fò bí omi ẹ̀rọ tí ọmọdé ń fi ọwọ́ dí. Mo já bẹ́líìtì mi, mo so ó mọ́ itan náà lókè, mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, mo sì ń fà á.

"Delmar! Wá bá mi fà á!"

Delmar ti yọ ìkarahun náà. Ó dúró lórí wa, gbogbo ojú rẹ̀ ti di omijé àti ikun imú. "Táta, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, Táta. Ẹ máà bínú."

Nínú eèsún, kò ju ibi tí èèyàn lè ju òkúta dé lọ, a gbọ́ ọ. Ó ń pa eyín rẹ̀ lu ara wọn, ṣáká, ṣáká. Ìmàdò tó bá gbọgbẹ́ máa ń pọ́n eyín bẹ́ẹ̀ kó tó padà.

"Ṣípánà dà?" ni Táta wí.

"Táta, ẹ má sọ̀rọ̀."

"Ọta kan ló máa yìn fún ẹ. Ṣípánà, Delmar."

Delmar ṣí sípì àpò rẹ̀, ṣípánà jábọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì wá a rí. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ìbọn náà sórí àyà Táta, ó fi ṣípánà sí wọn lọ́wọ́. Ojú Táta ti ń funfun, wọn ò wo ìbọn náà rárá. Ìka wọn ló ń wá ihò sukúrù, bí ó ṣe ti wá a láràárọ̀ lọ́pọ̀ ọdún. Wọ́n rí i. Wọ́n yí i.

Kẹ́.

"Ìkan fún ìdọ̀tí," wọ́n ní.

Ọwọ́ wọn dúró. Ó yọ́ kúrò lórí ṣípánà, ó sì sùn sórí yìnyín. Ṣípánà náà ṣì wà nínú ihò.

"Táta, ó ku ìkan. Táta?"

Eèsún fọ́ níwájú wa. Ó ti ń bọ̀.

"Yí i!" mo pariwo. "Ìwọ òmùgọ̀, yí i!"

Delmar mú ṣípánà. Ó sọ ọ́ jáde, mo gbọ́ ọ, ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tí mo ti gbàgbé pé ó ní, ohùn ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ kiri nínú ṣọ́ọ̀bù: "Ìkan fún òtútù." Kẹ́.

Ìmàdò náà já síta pẹ̀lú ọ̀bẹ mi tó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Delmar yin ìbọn lórí ìkúnlẹ̀, ìbọn náà sì ta á ní ìpá ní èjìká, ó tún yìn, ó tún ta á, kò há, kò dúró. Mo rí bí ojú ìmàdò náà kan ṣe tú, mo rí bí eyín rẹ̀ ṣe fò. Ó ṣì ń bọ̀. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ṣẹ́, ó ń fi ẹ̀yìn ti ara rẹ̀ bọ̀, títí tí imú rẹ̀ fi kan bàtà Táta, ó sì kú síbẹ̀. Delmar kò dáwọ́ dúró. Ó ń yin òkú lọ, ẹran àti egungun ń ta sí wa lójú, títí tí ìbọn náà fi dákẹ́ lójijì.

Lulka jáde láti inú igbó, ó lọ ń lá ojú Hutch.

Mo wo ìsàlẹ̀. Orúnkún mi ṣì wà lórí bẹ́líìtì. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde mọ́. Inú mi dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn gidi gan-an. "Ó ti dá, Delmar," mo ní. "Bẹ́líìtì yẹn ti mú un. Ó ti dá."

Delmar ti yí ìbọn náà sí ẹ̀gbẹ́. Ọta ti tán nínú rẹ̀, irin inú ti fà sẹ́yìn pátápátá, ó dúró síbẹ̀, èéfín ń rú jáde láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ṣí gbayawu. Ó fi orúnkún wọ́ sún mọ́ Táta, ó gbé e dé iwájú ojú wọn, bí ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

"Ẹ wò ó, Táta," ó ní. "Ó ti yanu, sà. Ẹ wò ó."

Yìnyín kéékèèké ń bọ́ láti òkè, ó ń bọ́ sínú ojú Táta, wọn ò sì ṣẹ́jú. Ẹnu wọn ṣí díẹ̀. Ìgbà náà ló yé mi ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi dá.

Mo fi ọwọ́ pa ẹnu wọn dé. Lẹ́yìn náà mo sọ fún Delmar pé kó gbé ìbọn yẹn sílẹ̀, kó wá bá mi gbé bàbá wa.